Ike, irin, resin tàbí prínńtà 3D: èwo ni kí ẹ fi kó ẹgbẹ́ ajagun gbalasa òfurufú yín jọ?

Balógun mi, ère kékeré tí mo fi ń ṣe eré ìjà lórí tábìlì, dé fìlà abetí-ajá. Kò ga tó ìdajì ìka ọwọ́ mi, ó wọ aṣọ arìnrìn-àjò òfurufú, ó gbé ìbọn dání, etí fìlà rẹ̀ méjèèjì sì wálẹ̀ bo etí rẹ̀ bí ẹni pé òtútù ń mú nínú ọkọ̀ rẹ̀. Inú àpótí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orí, apá àti ara rẹ̀ ti wá. Fìlà náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mọ ọ́n. Obìnrin kan dúró tì í lórí pẹpẹ, irin ni wọ́n fi ṣe é. Ká sọ òótọ́, ó dáa ju balógun lọ: ojú rẹ̀ hàn kedere, ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣeé kà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rà á náà ló ṣe wà títí dòní. Ọjọ́ tí mo ní kí n gba ìbọn ọwọ́ rẹ̀ kí n fi òmíràn rọ́pò, abẹ méjì ló kán mọ́ mi lọ́wọ́, ìbọn ò kúrò.

Àbúrò mi n'Ìbàdàn rí fọ́tò àwọn méjèèjì lórí WhatsApp, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Leeds ni mo ń gbé, mo sì ti fi owó ara mi kọ́gbọ́n tó láti dá a lóhùn. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, mo kàn là á sílẹ̀ sí i ni. Kí ẹ tó wo èyí tó rẹwà, kí ẹ tó wo èyí tí owó rẹ̀ kéré, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé mo máa gé e? Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ orí àti apá, ọjà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó kàn fẹ́ fi ọ̀dà kun ère kó sì gbé e sórí tábìlì.

Ẹ wo eré tí ẹ fẹ́ ṣe ná

Àwọn eré ìjà kékeré yìí kì í béèrè ogunlọ́gọ̀ ère. Nínú Stargrave, tí Joseph A. McCullough kọ, tí Osprey sì gbé jáde ní 2021, balógun kan, igbákejì kan àti ọmọ ogun mẹ́jọ, ẹgbẹ́ ti pé. Kill Team ti Games Workshop, ilé-iṣẹ́ Nottingham tó ni eré Warhammer 40,000, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ò ju bíi mẹ́wàá lọ, àwọn kan ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Infinity náà, ti ilé-iṣẹ́ Corvus Belli ní Sípéènì, kì í jìnnà sí i. Nítorí náà, sùúrù tí ẹlòmíràn ń pín fún ọgọ́rùn-ún ère, ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ lé mẹ́wàá lórí. Ìdí nìyẹn tí gígé àti títún tò fi wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń ṣe eré yìí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni òmìnira. Stargrave ò bìkítà ibi tí ère yín ti wá. Ike, irin, nǹkan ìṣeré ọmọdé, ó gbà á. Kill Team gbà yín láàyè nínú ilé yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ìdíje Games Workshop fúnra wọn, ère wọn ni kí ẹ gbé wá, wọn ò sì ní gba èyí tí ẹ fi prínńtà tẹ̀. Ní ti Infinity, ère kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ohun ìjà tirẹ̀, alátakò yín sì máa ń fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ti dá a mọ̀. Bí ẹ bá yí i padà jù, ìbéèrè ló máa kún ẹnu rẹ̀ títí eré á fi parí.

Bó bá jẹ́ pé gígé ló ń wù yín, Stargrave ni kí ẹ lọ bá. Bó bá jẹ́ pé àjèjì lẹ fẹ́ máa bá ta á ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé, Kill Team ni, torí òun lẹ ó ti tètè rí ẹni bá ta.

Ike líle

Ike yìí kì í ṣe irú ti kọ́ọ̀bù omi. Ó le, ó sì ń dún kọ́kọ́. Inú férémù ló máa ń wà, ara lápá kan, orí lápá kan, apá àti ìbọn káàkiri, ẹ ó fi ẹ̀mú kékeré já wọn kúrò. Àpótí ère Stargrave tí North Star ń tà máa ń mú ogún ère jáde, orí àti apá sì máa ń ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Àpótí Kill Team ò ní ara púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àjẹkù rẹ̀ pọ̀. Agolo Milo kan wà lábẹ́ tábìlì mi tó kún fọ́fọ́ fún àjẹkù báyìí. Inú rẹ̀ ni mo ti rí apá òsì balógun.

Gúlúù rẹ̀ ló jẹ́ kó borí àwọn yòókù. Kì í lẹ ike mọ́ ike, ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì, tí wọ́n á sì di ọ̀kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì inú ìgò rẹ̀ kan ojú ìpàdé, ẹ di í mú fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá ti gbẹ, ẹ lè gé ibẹ̀ bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Abẹ lásán ń gé ike líle. Bí ẹ bá ṣì í gé, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ibi tí ẹ ti gé e ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe gé e lọ. Ẹ gé ọrùn níbi tí kọ́là bò, ọwọ́ níbi tí ìbọ̀wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìbàdí níbi tí bẹ́líìtì wà. Ohun tí aṣọ bá ti pín sí méjì tẹ́lẹ̀, ojú kì í wá àlébù rẹ̀. Ẹni tó gé apá láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ti dá iṣẹ́ pọ́tì, ìyẹn amọ̀ tí à ń fi dí àlàfo, sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ìlà tí mọ́ọ̀dù fi sílẹ̀, tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ère kọjá láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn abẹ ha á kúrò kí ẹ tó kùn ún, torí ọ̀dà kì í bò ó, ńṣe ló máa ń tú u fó. Èkejì ni ìwọ̀n. Ère Games Workshop ní orí ńlá àti ọwọ́ ńlá, ti Infinity sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèyàn gidi, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní ère 28 mìlímítà tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ẹ gbé orí ará Warhammer lé ọrùn ará Infinity, ọ̀dùnkún lórí igi ìṣáná ni. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ fi àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri so ó, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, ẹ wò ó.

Irin

Irin tí wọ́n fi ń ṣe ère báyìí, tin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó lè ní òjé nínú. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fi fáìlì ha á, ẹ má sì jẹun lórí tábìlì yẹn.

Ohun tí irin ní tí ike ò ní ni àwòrán tó mú bí abẹ. Ó tún wúwo lọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan lẹ gbé. Ó ṣeé tẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú: ẹ lè fọwọ́ rọra tẹ apá sókè tàbí kí ẹ yí ẹsẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ike máa ń ṣẹ́ kánrin. Ṣùgbọ́n kí ẹ gé e sí méjì kí ẹ sì fi nǹkan mìíràn sí i, ìyẹn iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ayùn wẹ́wẹ́ irú ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ló lè gé e dáadáa. Ẹ má fi ẹ̀mú tí ẹ fi ń gé ike gé irin o, ẹnu rẹ̀ á kú.

Súpà gúlù la sábà máa ń fi lẹ irin, súpà gúlù ò sì fẹ́ràn kí nǹkan já bọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá wúwo, ẹ fi wáyà há a. Mo máa ń fi ìlu ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan lu ihò sí èjìká, mo máa kan ọ̀dà díẹ̀ sí etí ihò náà, mo sì máa gbé apá lé e nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Ibi tí ọ̀dà bá ti hàn lára apá ni ihò kejì. Wáyà tí wọ́n fi ń di bébà pọ̀, mo gé e kúrú, mo fi súpà gúlù sí i, ó parí. Kí n tó mọ ọgbọ́n ọ̀dà yìí, ihò mi ò pàdé ara wọn rí. Ẹsẹ̀ ọmọ ogun kan tilẹ̀ wà tí mo lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Irin dára fún ẹni tó fẹ́ràn ọ̀dà. Ẹni tó fẹ́ràn abẹ, kó jìnnà sí i ní ọdún àkọ́kọ́.

Resin àti prínńtà

Resin jẹ́ omi tó máa ń le di bí ike. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ń dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń mú àwòrán tó dáa jáde, ó sì rọrùn láti gé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, bíi Anvil Industry ní Ìlú Ọba níbí, máa ń ta orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹ ó fi dá irú jagunjagun tó wù yín. Fún ẹni tó ń yí ère padà, ọjà ńlá nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí òróró mọ́ọ̀dù máa ń wà lára rẹ̀, ọ̀dà ò sì ní dì í mú. Eruku rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ẹ fi omi rin ín bí ẹ bá ń ha á, ẹ sì fi nǹkan bo imú.

Prínńtà 3D ni gbogbo èèyàn ń bi mí nípa rẹ̀. Ẹ ra fáìlì kọ̀ǹpútà tí àwòrán ère wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi sú yín. Ó dùn létí. Ohun tí kì í dé inú fọ́tò ni ìbọ̀wọ́, ọtí tí wọ́n fi ń fọ ère, iná tí wọ́n fi ń jẹ́ kó le, àti yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, torí omi resin tí kò tíì le máa ń ba awọ ara jẹ́. Fún ère mẹ́wàá, prínńtà kì í ṣe irinṣẹ́ mọ́, ìnàjú mìíràn ni ẹ kó wọlé. Ẹ wá ẹni tó ní i kó bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa ṣá. Mo ra ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkan báyìí, nígbà tí mo ṣí i, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo fi sí oòrùn lójú fèrèsé kó lè le. Ó le, ó le jù, ìka ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já bíi gúgúrú. Èyí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa ṣeé gé, ṣùgbọ́n ẹ lo ayùn dípò ẹ̀mú, nítorí ẹ̀mú máa ń fọ́ ọ.

Pọ́tì: Green Stuff tàbí Milliput?

Ibí ni mo ti wọ inú fìlà. Green Stuff jẹ́ pọ́tì aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, tí ẹ ó pò pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà títí tó fi di àwọ̀ ewé. Tó bá jẹ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ra nínú ọ̀rá ni ẹ rà, ẹ gé àárín tí àwọ̀ méjèèjì ti fara kan ara wọn jù nù, torí ó ti le níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ègé kéékèèké ló máa dà síbẹ̀. Ó máa ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń di àwòrán mú. Milliput, tí wọ́n ń ṣe ní Wales, ń yọ́ nínú omi, ẹ lè fi ìka tó tutù dán an, tó bá sì gbẹ, ó di òkúta. Ẹ lè fi sáńpépà ha á, èyí tí Green Stuff kì í gbà.

Nítorí náà: aṣọ, irun, fìlà, okùn, Green Stuff ni. Ìhámọ́ra tí etí rẹ̀ gún, àpò ìrìn-àjò tó ní igun mẹ́rin, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ ère, Milliput ni.

Fìlà àkọ́kọ́ tí mo mọ, ọkùnrin náà jọ ẹni tó ru mọ́ínmọ́ín. Àṣìṣe mi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pọ́tì ṣì rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi abẹ gé òkè orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, mo po pọ́tì tó kéré ju ẹ̀wà kan lọ, mo sì fi sílẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo gbé e lé orí, mo fi irinṣẹ́ tí mo rì bọnú omi tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè tẹ̀ bíi ti fìlà gidi. Mo dúró di ọjọ́ kejì kó le. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ etí méjèèjì: ègé onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ méjì, mo tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí, mo fi abẹ tó tutù gé ìsàlẹ̀ wọn kó mú, mo sì fi abẹ́rẹ́ lu àmì bíńtín bíńtín bí iṣẹ́ ọnà. Kò sí ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe orí àti etí fìlà lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá ń tẹ etí, orí á máa wọ́.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀: agolo tàbí búrọ́ọ̀ṣì?

Agolo tí ń fín ọ̀dà yá, ó sì ń lọ geere. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, kì í jókòó dáadáa, ojú ère á wá dà bí ẹni tí wọ́n da iyẹ̀fun sí lára. Leeds ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn nígbà òjò á sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní ohun mìíràn tí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rán ẹrù sílé gbọ́dọ̀ mọ̀: agolo ọ̀dà ìfín kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, gúlúù ike líle náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, torí iná ń tètè ran wọ́n. Fún àbúrò mi, ọ̀dà ìpìlẹ̀ Vallejo tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni mo rà, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, kó gbẹ fún ọjọ́ kan. Súpà gúlù wà lórí gbogbo tábìlì ọlọ́jà ní Ìbàdàn. Ó ń lẹ ike líle náà, kò kàn ní dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan ni.

Contrast tàbí ìpele lórí ìpele?

Ní 2019 ni Games Workshop gbé Contrast jáde, The Army Painter ti ilẹ̀ Dẹ́nmárkì sì gbé Speedpaint tiwọn tẹ̀ lé e. Ọ̀dà tó ń ṣàn ni méjèèjì: ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan lórí ìpìlẹ̀ funfun, á ṣàn sínú kòtò, á dúdú níbẹ̀, á sì fẹ́lẹ́ lórí òkè. Lórí aṣọ, irun àti awọ, iṣẹ́ ìyanu ni. Lórí ìhámọ́ra òfurufú tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó máa ń kó jọ sí àárín bí omi òjò lójú títì, ó sì máa ń fi àlà sílẹ̀ tó bá gbẹ. Ohun tó sì pọ̀ jù nínú ère òfurufú gan-an nìyẹn, ibi pẹrẹsẹ. Nítorí náà, mo máa ń pín in: Contrast fún aṣọ àti bàtà, ọ̀dà lásán ní ìpele ìpele fún ìhámọ́ra.

Awọ dúdú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bàjẹ́. Wọ́n á fi búráùn bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi funfun pò ó kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn, ọmọ ogun á sì dà bí ẹni tí kò fi òrí para lọ́jọ́ ọyẹ́. Mo máa ń fi Rhinox Hide bẹ̀rẹ̀, búráùn tó ṣókùnkùn ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn, orí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, búráùn tó ní ọsàn díẹ̀ nínú ni mo ń fi sí i. Ibi tó ṣókùnkùn, mo fi àwọ̀ pọ́pù (purple) bíńtín sí i. Funfun ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Gíláàsì ojú àṣíborí náà, ẹ má kùn ún ní àwọ̀ kan. Òkè rẹ̀ ni kó ṣókùnkùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó mọ́lẹ̀, kí ẹ wá kan ẹyọ funfun kan ṣoṣo sí igun òkè tó ṣókùnkùn yẹn. Ó lòdì sí ohun tí ojú ń rò, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kó dà bíi gíláàsì.

Ìborùn balógun mi, ẹtù ni mo fẹ́ kó jẹ́. Mo fi búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú kùn ún, mo sì fa ìlà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kẹfà yẹ̀, mo fi búlúù dúdú pa á rẹ́, mo tún un fà. Búrọ́ọ̀ṣì bí irun ojú kọ́ lẹ nílò. Nọ́ńbà 1 tí ẹnu rẹ̀ ṣù jọ dáadáa tó, nítorí òun ló ń gba ọ̀dà tó máa dé ìparí ìlà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tíì dúró, kó ṣe sányán: búráùn rírẹ̀ lásán, ọ̀dà ṣíṣàn kan lórí rẹ̀, ó ti tó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì bàjẹ́, Dettol wà. Èyí tó pọ́n yẹn gan-an tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀ ọmọ. Ẹ rì ère irin tàbí ike líle sínú rẹ̀ lálẹ́, ọ̀dà á ṣí kúrò ní òwúrọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́ nínú Dettol fúnra rẹ̀ kí omi tó kàn án, torí bí omi bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọ̀dà á di ọ̀bọ̀rọ̀ tó ń lẹ̀. Resin ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ẹ kọ́kọ́ fi ègé kan dán an wò.

Ohun tí mo wá fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nìyí: férémù ike líle méjì, orí resin mẹ́ta, Green Stuff, ìlu ọwọ́, ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan àti ọ̀dà mẹ́fà. Kò sí irin níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò igbákejì balógun rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ti mọ gèlè sí i lórí, àwọ̀ ewé ṣì ni, kò tíì kùn ún, ìpele mẹ́ta ló ní. Ó ní òru mẹ́ta lòun fi ṣe é, ìpele kan lóru kan.